Èjìká Ère Kẹjọ

Èjìká òsì ère kẹjọ ti tún wálẹ̀.

Marufat káwọ́ sẹ́yìn níwájú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń wò ó bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ tí kò fẹ́ jẹ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ àná ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé èjìká náà sókè, tó ki àtàǹpàkò bọ abẹ́ rẹ̀, tó fi omi ra á, tó sì sún sẹ́yìn wò ó títí ó fi dá a lójú pé òsì àti ọ̀tún dọ́gba. Ó fi ọ̀rá bò ó kó tó lọ kírun. Ìgbà kẹta nìyí tí yóò jí bá a bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sọ fún mi pé amọ̀ tútù a máa wálẹ̀. Marufat náà mọ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń mọ ìkòkò lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́, kò sì sí ìwà tí amọ̀ lè hù tí kò tíì rí. Èyí tó bá rọ̀ jù yóò wó, èyí tó bá yára gbẹ jù yóò sán. Ṣùgbọ́n kí apá kan ṣoṣo máa rọra sọ̀kalẹ̀, kó sì dúró sójú kan náà ní gbogbo àárọ̀ láìsán, láìwó, ìyẹn kò sí nínú ìwà amọ̀. Ère méjìlá ló sì wà níbẹ̀, láti inú kòtò kan náà. Mọ́kànlá dúró jẹ́ẹ́ bí ó ṣe mọ wọ́n.

Bàbá Ọlọ́runnísọ̀lá, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbé iṣẹ́ náà wá. Táìsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ àti ògiri ni bàbá náà ń tà nígbà tí agbára ṣì wà, ó sì lọ Ṣáínà lọ bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láti rà á. Níbẹ̀ ni wọ́n ti mú un lọ wo àwọn sọ́jà alámọ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nítòsí sàréè ọba kan láyé àtijọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, tí wọ́n ga tó ènìyàn, tí ojú ọ̀kan kò sì jọ ti èkejì. Wọ́n sọ fún un pé lọ́tọ̀ ni wọ́n mọ ara, lọ́tọ̀ ni wọ́n mọ orí, kí wọ́n tó gbé orí lé ara. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn bàbá ti wà lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, tí dókítà sì ti bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ó kọ́ sàréè ara rẹ̀ sí iwájú ilé rẹ̀, ó ní òun fẹ́ sọ́jà méjìlá sínú rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ Onítẹ̀bọmi bi í léèrè, ó ní ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n ó sọ tòótọ́ fún Marufat lọ́jọ́ tó wá. Ó ní òkùnkùn ibẹ̀ ló ń ba òun lẹ́rù, òun fẹ́ kí àwọn kan dúró ti òun.

Ẹ̀rù ba Marufat náà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀. Láti kékeré ló ti gbọ́ ọ nílé kéwú pé ẹni tó bá ya àwòrán ohun ẹlẹ́mìí, lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ wọn yóò ní kó fi ẹ̀mí sí i, kò sì ní lè ṣe é. Ó tọ Àáfà Anas lọ, ìmáàmù mọ́sálásí àdúgbò wọn, ọkùnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀. Àáfà ronú títí, ó ní ohun tí kò bá ti ní orí, kì í ṣe àwòrán mọ́, kùkùté igi ni. Marufat ti ń dìde lọ tayọ̀tayọ̀ nígbà tó pè é padà.

"Ọwọ́ tó bá mọ ara," ó ní, "kó má ṣe jẹ́ òun ni yóò gbé orí lé e."

Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà nìyẹn. Marufat yóò mọ ara ní Ọ̀yọ́. Màmá Leah, tíṣà àwòrán tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ kò dè, yóò mọ orí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àbí ẹ rí i, ìdajì ẹ̀ṣẹ̀ ní ìlú kan, ìdajì ní ìlú kejì, bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ kì í wọkọ̀. Gbogbo wọn ló rò pé àwọn gbọ́n.

Ní àárọ̀ kẹrin ni Marufat dá èjìká náà mọ̀. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ojú ọ̀run funfun, ètè gbogbo ènìyàn gbẹ. Ó ṣí ọ̀rá kúrò, ó wo èjìká tó tẹ̀ sísàlẹ̀ náà, orúkọ kan sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Saifu."

Saifudeen ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ìyá wọn kú, Marufat ló sì tọ́ ọ. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń bá a ru amọ̀ láti kòtò wá sílé, èjìká òsì ló máa ń gbé e lé, títí èjìká náà fi wálẹ̀ tí kò gòkè mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Marufat a rẹ́rìn-ín lójú wọn, inú rẹ̀ a sì bàjẹ́ tó bá ku òun nìkan, nítorí ó mọ ẹni tó gbé ẹrù náà lé ọmọ léjìká. Nígbà tó dàgbà, ó wọ iṣẹ́ sọ́jà, wọ́n gbé e lọ sí Borno. Ọdún kẹta rèé tí ogun ká wọn mọ́ inú igbó, wọn kò rí i, wọn kò sì rí òkú rẹ̀. Stephen, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà nínú iṣẹ́, ní ń pe Marufat lóṣooṣù láti sọ pé kò tíì sí ìròyìn.

Àwọn ẹbí ti ní kí wọ́n kírun òkú sí Saifudeen lára bí a ṣe ń kí i fún ẹni tó kú sọ́nà jíjìn, kí ọkàn kálukú lè balẹ̀. Marufat kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń tẹnu mọ́: "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ara rẹ̀."

Ó ti wá rí ara kan wàyí, èyí tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ mọ. Ó gbé èjìká náà sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi igi tì í lábẹ́, ó fi okùn dì í. Bó ṣe tẹ̀ síwájú láti so okùn ni ooru fẹ́ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó gbójú sókè. Láti ọrùn ère kẹjọ, níbi tó dá ihò sí kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà jáde nínú iná, èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ ń jáde bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu ènìyàn nínú òtútù. Ó jáde, ó dáwọ́ dúró, ó tún jáde. Marufat ka ohun tó mọ̀ nínú Kùránì, ó da ọ̀rá bò ó, ó wọlé, kò sì jẹun títí di ọ̀sán.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ló fẹ́ wí? Igi náà mú èjìká dúró títí amọ̀ fi gbẹ, wọ́n sun gbogbo ère náà nínú iná ọjọ́ kan pẹ̀lú alẹ́ rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó sán. Èjìká ère kẹjọ dọ́gba nígbà tó tutù. Ó pọ́n, ó le, ó ń dún kan-kan bí èèyàn bá fi ìka kàn án. Marufat fọwọ́ rà á, ó mí kanlẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù wá kó wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nínú koríko gbígbẹ, ó sì rò pé ó parí.

Lọ́jọ́ kẹwàá ni Màmá Leah tẹ̀ ẹ́ láago. Ó ní orí mọ́kànlá ti jókòó dáadáa, ẹyọ kan ni kò wọlé sọ́rùn, kí Marufat jọ̀ọ́ mú ọ̀bẹ tó fi ń ha ẹnu ìkòkò wá. Ó wá fi kún un pé ọmọkùnrin tí Marufat rán sí òun mà níwà pẹ̀lẹ́ o, òun ìbá rán an níṣẹ́ náà ká ní ó padà wá.

Marufat kò rán ẹnikẹ́ni lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó mú ọ̀bẹ náà, ó wọlé lọ wá aṣọ wọ̀.

Ọ̀sán gangan ló débẹ̀. Ọlọ́kadà já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì bàbá, ó rí sàréè náà níwájú ilé: yàrá kékeré tí ìdajì rẹ̀ wọnú ilẹ̀, táìsì funfun lára rẹ̀ tinú-tòde, ilẹ̀kùn irin tó ṣí sílẹ̀. Bàbá Ọlọ́runnísọ̀lá wà lórí àga oníke lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó wọ súẹ́tà nínú oòrùn. Marufat kúnlẹ̀ kí i, ó ní ẹ kú ilé, bàbá dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sì gbé ojú kúrò lára àwọn ère tó wà nínú yàrá náà. Wọ́n tò wọ́n mọ́ ògiri, wọ́n kọjú sí àárín. Ojú onímọ́tò wà lára wọn, ojú ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní àdúgbò Under G nítòsí ṣọ́ọ̀bù Màmá Leah, ojú ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ẹ̀kẹjọ nìkan ni kò lórí.

Màmá Leah gbé orí rẹ̀ jáde nínú táwẹ́ẹ̀lì.

Àpá wà lórí ìpéǹpéjú ọ̀tún. Ẹnu ọkọ́ Marufat ló dá àpá náà sí i nínú kòtò amọ̀, nígbà tí Saifudeen jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Etí rẹ̀ nìyẹn, èyí tó nà síta díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ nìyẹn, tí kì í pa dé tán.

"Ọ̀sán ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá," Màmá Leah ń wí, ohùn rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀ bó ṣe ń wo ojú Marufat. "Mi ò mọ irú ojú tí mo máa fún ẹni yìí, ìgbà náà ló wọlé tó jókòó. Mo gbé omi fún un, kò mu ún. Ìgbàkígbà tó bá dìde, iyanrìn ló máa ń kù sórí bẹ́ǹṣì, iyanrìn pupa tí a ò ní níbí. Gbólóhùn kan ló sọ fún mi ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní, 'Ṣé Àǹtí mi ti parí iṣẹ́ tirẹ̀?'"

Bàbá ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní mọ́kànlá kò lè ṣọ́ òun, igun kan yóò ṣí sílẹ̀. Ó bẹ Marufat pé kó bá òun gbé orí náà sí i, kí ojú òun rí wọn ní pípé kó tó di ìgbà tí kò ní rí nǹkan mọ́.

Marufat rántí ọ̀rọ̀ Àáfà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó rántí rẹ̀, kò gbàgbé rárá. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ti pọ̀ jù. Ó ń fẹ́ rí àbúrò rẹ̀ ní òòró, kó kàn rí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà yóò gbé orí náà kúrò. Ó gba orí lọ́wọ́ Màmá Leah, ó wúwo, ó sọ̀kalẹ̀ sínú yàrá funfun náà, ó sì gbé e lé ọrùn ère kẹjọ.

Kò nílò ọ̀bẹ. Ó jókòó wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ìró kékeré bí ìgbà tí èèyàn sọ ẹrù kalẹ̀, èjìká òsì wálẹ̀. Amọ̀ tó ti jinná nínú iná ni o. Ó wálẹ̀ dé ibi tó máa ń wà láàárọ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Màmá Leah ti ń ka Sáàmù lábẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù kò ba Marufat ní tirẹ̀. Ayọ̀ ló kún inú rẹ̀, ayọ̀ tó dun ún láyà. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ amọ̀ náà, ó gbóná. Eruku tó wà lábẹ́ imú rẹ̀ ń fẹ́ lọ, ó ń fẹ́ bọ̀.

Fóònù rẹ̀ dún. Stephen ni.

"Àǹtí, a rí i," ó wí, ó sì ń sunkún. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ni wọ́n ti gbé Saifudeen wá sí ilé ìwòsàn kan ní Maiduguri, láìlórúkọ, láìsọ̀rọ̀, tí kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ mẹ́ta kan, ó sùn tí wọn kò lè jí i. Ọ̀sán òní ni òun Stephen kọjá níbẹ̀, èjìká rẹ̀ ni òun fi dá a mọ̀. Òun ti mú fóònù láti pè kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. "Ó la ẹnu, ó ní 'Àǹtí'. Lẹ́yìn náà ni èémí rẹ̀ dúró. Nísinsìnyí, Àǹtí, kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Ìmáàmù ibí ní ká sin ín kí ìrun Aláásárì tó tó."

Marufat wo ojú tó wà níwájú rẹ̀. Ohun tí wọn yóò ní kó ṣe lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, ó ti ṣe é láyé: ó ti fi ẹ̀mí sí ère. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ibi tí ẹ̀mí náà ti wá.

Ó di orí náà mú, ó fà á. Kò wá. Ó wá ojú ìdè ọrùn, kò rí i mọ́, ọrùn àti ara ti di ọ̀kan. Òòlù àwọn bíríkìlà wà nílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Nígbà tó gbé e, bàbá arúgbó náà ti dìde, ó ti di ìró rẹ̀ mú.

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi," ó wí. "Jẹ́ kó dúró tì mí."

Marufat já ìró rẹ̀ gbà. Ó pa ojú dé, ó lù ú. Lẹ́ẹ̀kan, àpá ìpéǹpéjú já bọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu. Lẹ́ẹ̀kẹta, orí tú ká sórí táìsì, amọ̀ inú rẹ̀ sì rọ̀ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, ó ń gbóná lọ́wọ́ bí ẹni pé iná kò kàn án rí.

Fóònù wà nílẹ̀. Ohùn Stephen ń jáde níbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Àǹtí, ẹ dúró. Aṣọ yẹn ń mì. Àǹtí, ó dìde jókòó."

Marufat ṣubú lu Màmá Leah, àwọn méjèèjì sunkún. Ó padà sí Ọ̀yọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń yin Ọlọ́run lójú ọ̀nà, kò sì wẹ̀yìn wo ara tí kò lórí tó fi sílẹ̀ nínú yàrá funfun. Ẹ bá mi dá ọ̀rọ̀ yẹn dúró, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Stephen mú Saifudeen dé. Ilé kún. Wọ́n kí Marufat kú oríire, wọ́n kí i kú àmúmọ́ra. Saifudeen dúró láàárín wọn, ó dúró ṣánṣán. Kì í fẹ́ jókòó. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, ó ń jẹ díẹ̀ nítorí kí wọ́n lè fi í sílẹ̀. Láti àárọ̀ dé alẹ́, ibi ògiri ẹ̀yìnkùlé ló ń dúró sí, ó kọjú sí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ní mọ́sálásí, bí gbogbo sáfù, ìlà àwọn olùkírun, bá tẹrí ba, tí wọ́n forí kanlẹ̀, òun nìkan ni yóò wà lóòró níkangun, nítorí ọrùn rẹ̀ kò ṣe é tẹ̀. Wọ́n ní ìyà tó jẹ nínú igbó ni, yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn díẹ̀díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tí kò gòkè tí kò sì sọ̀kalẹ̀.

"Àǹtí, ta ló dúró sí àyè mi?"

Marufat rò pé àyè rẹ̀ nínú iṣẹ́ ọmọ ogun ni. A máa fi í lọ́kàn balẹ̀ pé sọ́jà kò wọ́n, wọ́n ti fi ẹlòmíràn síbẹ̀.

Láàárọ̀ Jímọ̀ kan, ó mú ẹ̀wù mímọ́ kan jáde, ó ní kí òun bá a wọ̀ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí èjìká òsì àbúrò rẹ̀, ó sì dúró. Èjìká náà dọ́gba pẹ̀lú ti ọ̀tún. Ó dọ́gba bó ṣe máa ń dọ́gba ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òun bá ti gbé e sókè. Ó wá abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìka, ó kan kòtò kékeré kan níbẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì wọ̀ ọ́ rẹ́gí.

Fóònù dún nínú ilé kó tó lè yọ ọwọ́. Màmá Leah ni. Ó ní Bàbá Ọlọ́runnísọ̀lá ti kú, àná ni wọ́n sin ín. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí wọ́n ṣe é bó ṣe fẹ́, wọ́n sì fi gbogbo ère sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, títí kan èyí tí kò lórí. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti lẹ táìsì lé e.

"Ǹ bá má sọ fún yín," ó ní. "Èjìká rẹ̀ yẹn ṣì wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, ó ń làágùn."

Nígbà tí Marufat jáde padà sí ẹ̀yìnkùlé, Àáfà Anas ti wà níbẹ̀, ó yà wá kí wọn. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà. Èéfín ń jáde lẹ́nu Àáfà, lẹ́nu àwọn ọmọ tó ń pọnmi, lẹ́nu ewúrẹ́ pàápàá. Kò sí ohun tó ń jáde lẹ́nu ẹni tó dúró lẹ́bàá ògiri.

Ẹni tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dé mọ́ inú sàréè náà ti wá yé Marufat, ó kúnlẹ̀. Ó ní òun ti gbà báyìí, kí wọ́n bá òun kírun òkú tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọdún mẹ́ta. Àáfà bi í pé ta ni wọ́n fẹ́ kí i sí lára.

"Saifudeen, àbúrò mi," ó wí.

Àáfà wo ibi ògiri, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò. Kò bi í ní ìbéèrè kejì. Lẹ́yìn Jímọ̀, ó sọ fún àwọn ènìyàn pé ẹnìkan ló kú sọ́nà jíjìn, wọ́n sì tò. Saifudeen wá dúró níkangun sáfù gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìrun òkú kò ní ìtẹríba, kò ní ìforíkanlẹ̀, òòró ni gbogbo ènìyàn ń wà títí wọn yóò fi sálámà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó bá wọn kírun tí kò yàtọ̀ sí ẹnikẹ́ni.